Òkúta Inú Òróǹro

Nígbà tí obìnrin yìí kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa, Òróbó ni gbogbo wa ń pè é, kò sì bínú. Bàbá Alọṣọ, àgbàlagbà tó ń bá wa lọ aṣọ, ló sọ ọ́ lórúkọ náà lọ́jọ́ tó fẹ́ gba àárín maṣíìnì méjì kọjá, tí ìdí rẹ̀ gbá àpótí bọ́tìnnì dànù. Gbogbo wa kúnlẹ̀, à ń ṣa bọ́tìnnì, òun náà ń ṣa á, ó sì ń rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ. Èmi kì í fẹ́ràn ẹni tó ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín jù. Ẹni tó bá ń sáré fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń sá fún èyí tí ẹlòmíràn fẹ́ fi í ṣe ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Yunifọ́ọ̀mù là ń rán, ti nọ́ọ̀sì, ti ọmọ iléèwé, ti àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu géètì. Èmi ni mo ń gé aṣọ, òun ló ń ṣe ojú bọ́tìnnì. Bí aṣọ bá gbó tó fà ya, ojú bọ́tìnnì tirẹ̀ á ṣì wà ní pípé.

Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀nà jíjìn ló sì máa ń lọ. Òun nìkan ṣoṣo ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí. Ìyá náà, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, gbálẹ̀ iléèwé títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó wá kó wá bá wọn gbé nínú yàrá méjì tí wọ́n ní lókè ilé kan. Obìnrin gidi ni Màmá. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà máa wá ìkà kiri nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ìkà níbẹ̀. Ìbá tiẹ̀ sàn díẹ̀ ká ní ọ̀kan wà, ká lè rí ẹni bú. Màmá kì í jẹ́ kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ gbé omi gun àtẹ̀gùn. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi wà láìbímọ, kò bi í léèrè rí, kò sì fi ojú bi í. Ó kàn máa ń dákẹ́ bí ọmọ àwọn ará ìsàlẹ̀ bá ń ké, a sì mọ ohun tó ń rò.

Dókítà ti sọ fún tọkọtaya yìí pé ara tó tóbi yẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí oyún dúró. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, nǹkan oṣù rẹ̀ kì í wá déédéé. Ó rìn, ó gbààwẹ̀, ó mu oríṣiríṣi àgbo. Bó bá fọn díẹ̀ lónìí, á sanra ju tàná lọ ní ọ̀la. Níkẹyìn, wọ́n ní kó lọ rí àwọn tó ń fi iṣẹ́ abẹ dín inú kù, ó lọ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ó lè ṣe é. Nítorí ọmọ ló fi fẹ́ ṣe é, kì í ṣe nítorí ẹwà. Ẹ dákun, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Màmá sọ, kò sì mọ̀ pé òun sọ nǹkan kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, rédíò ń sọ̀rọ̀ obìnrin kan tí wọ́n gé inú rẹ̀ kéré kó lè fọn. Màmá jókòó sílẹ̀, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ó ní, “Ẹni tó fi ọ̀bẹ gé inú tí Ọlọ́run dá fún un, ibo ló fẹ́ kí ọmọ sùn sí?” Ó sì ń ṣa ìrẹsì rẹ̀ lọ. Ọmọ rẹ̀ wo ìyàwó, ìyàwó wo ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọ yàrá, wọ́n fẹnu kò pé Màmá ò gbọdọ̀ gbọ́. Wọ́n sọ fún un pé ìyàwó ń lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo maṣíìnì tuntun kan ní ìlú mìíràn. Àwa tí a wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sọ fún wa pé ara àbúrò ìyá rẹ̀ kan ò yá. Ẹnu ara rẹ̀ ni mo ti gbọ́ gbogbo èyí, nígbà tí nǹkan ti bàjẹ́ tán.

Wọ́n sọ agbẹ̀du rẹ̀ di kékeré bí ẹyin adìyẹ, wọ́n wá fa ìfun wá já mọ́ ọn lọ́nà àbùjá, kí oúnjẹ má baà gba gbogbo ibi tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Dókítà abẹ yẹn ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un. Ó ní kó má lóyún títí ara rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Ó ní àlàfo máa ń wà nínú ikùn ẹni tí wọ́n bá ṣe irú èyí fún, bí oyún bá sì ń ti nǹkan sókè, ìfun lè yọ́ gba inú àlàfo yẹn kó sì lọ́ pọ̀. Ó ní, “Bí inú bá ti ń run ẹ́ tí o sì lóyún, má fi ṣeré. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tọ́jú ẹ, ohun àkọ́kọ́ tí wàá sọ ni pé wọ́n ti yí ìfun ẹ padà.” Ó gbọ́. Ó tún un sọ fún dókítà kó lè dá a lójú pé òun gbọ́.

Ó padà wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fọn. Kò pẹ́ tí Bàbá Alọṣọ fi gba Òróbó kúrò lórí rẹ̀, ó wá sọ ọ́ di Lẹ́pa. Àwọn oníbàárà ń wá bi í ohun tó lò. Ó ní, “Ìrìn ni, àti omi.” Bàbá Alọṣọ gbà á gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí fẹsẹ̀ rìn wá síbi iṣẹ́. Ó rìn títí orúnkún rẹ̀ fi wú, ikùn rẹ̀ ò sì yẹsẹ̀. A fi í rẹ́rìn-ín gan-an. Àwọn obìnrin wa ń yìn ín pé ó lè kó ara rẹ̀ níjàánu, wọ́n ń fi í bá àwọn ọmọ wọn wí. Èmi rí i pé bí wọ́n bá ti ń yìn ín, ọrùn rẹ̀ ń tẹ̀ ni. Mo rò pé ojú ló ń tì í.

Nígbà tí oyún dé, Màmá ló kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Ó ní òun rí i lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, obìnrin yìí sọ ẹsẹ̀ àgbà di ti ọmọge. Á jí kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ gba nọ́ńbà lọ́dọ̀ àwọn agbẹ̀bí, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á gbé báàgì ìyàwó lé itan, bí wọ́n bá sì pè wọ́n, àwọn méjèèjì á jọ wọlé ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Ìyá ọkọ tó bá báni débẹ̀ kì í dúró síta. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sófin, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọjú sí àgbàlagbà tó ti fi ìdájí gba nọ́ńbà dè é, kó ní, “Màmá, ẹ dúró síta”? Ẹni tó bá sọ ọ́ ti jẹ́wọ́ pé òun ní nǹkan tí òun ń fi pa mọ́.

Agbẹ̀bí, obìnrin kan tí kì í dúró lójú kan, tó so gíláàsì mọ́ ọrùn, ní kó dùbúlẹ̀ kó ká aṣọ sókè. Ó rí àwọn àpá kéékèèké tó wà ní ikùn rẹ̀.

“Iṣẹ́ abẹ kí ni wọ́n ṣe fún ẹ níbí?”

Màmá ń wò. Irọ́ náà jáde lẹ́nu ìyàwó kó tó mọ̀. Oníbàárà kan ti wá sí ṣọ́ọ̀bù wa rí tó ń ṣí irú àpá bẹ́ẹ̀ hàn wá, ohun tí ìyẹn sọ ni òun náà sọ.

“Òkúta inú òróǹro ni wọ́n yọ, Mà.”

“Òkúta?” Màmá fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. “Ìgbà wo nìyẹn?”

“Ó ti pẹ́, Màmá. Kí n tó délé yín.”

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. O ti jìyà.” Màmá fi ọwọ́ pa á lórí. Agbẹ̀bí ti ń wo nǹkan mìíràn.

Ìyàwó sọ fún mi pé òun rò pé òun á padà lọ lóun nìkan láti lọ tún un sọ. Ó sì lọ lóòótọ́. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó débẹ̀, agbẹ̀bí yẹn ti lọ sinmi, ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. Ìyẹn ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní kó padà wá ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, Màmá ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Bó ṣe di pé irọ́ náà kúrò ní tirẹ̀ nìyẹn, ó di ti Màmá. Bí wọ́n bá ti bá dókítà tuntun pàdé, Màmá ló máa ń tètè sọ ọ́: “Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti yọ òkúta nínú òróǹro rẹ̀ rí o. Ẹ má gbàgbé.” Ẹni tí kò purọ́ rí láyé rẹ̀, tó wá ń fi tọkàntọkàn ru irọ́ ẹlòmíràn kiri, ta ni yóò bá a jiyàn? Àní bí ìyàwó bá ti fẹ́ la ẹnu, Màmá á ti sọ ọ́ tán.

Wọ́n fún un ní omi ṣúgà mu bí wọ́n ṣe ń fún gbogbo aboyún, láti fi yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Dókítà abẹ ti kìlọ̀ fún un pé kó má mu ún. Màmá ló gbé ife náà fún un, ó sì mu ún. Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ fi ń gbọ̀n, tí òógùn ń dà bí ẹni tó sáré. Wọ́n ní àwọn kan wà tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ní ọmọ inú rẹ̀ kéré, kó máa jẹun. Màmá fi gbogbo ọgbọ́n tó ní se oúnjẹ. Inú tó dà bí ẹyin adìyẹ ò gbà ju ṣíbí díẹ̀ lọ. Màmá á jókòó tì í, á máa bẹ̀ ẹ́, “Tún jẹ ẹyọ kan, nítorí tèmi,” òun náà á jẹ ẹyọ kan sí i nítorí tirẹ̀, á lọ bì í sẹ́yìn ilé. Màmá á ní oyún ló ń ṣe é. Kí ni ẹlòmíràn ìbá tún sọ?

Oyún náà ti wọ oṣù keje lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Aṣọ nọ́ọ̀sì là ń rán. Mo gbọ́ tí maṣíìnì rẹ̀ dúró láàárín ojú bọ́tìnnì kan, mo sì mọ̀ pé nǹkan ṣe, nítorí kì í dúró láàárín. Nígbà tí mo máa wò ó, ó ti di etí tábìlì mú.

“Níbo ló ń dùn ẹ́?”

“Abẹ́ egungun ìhà, Àǹtí. Ó ń já lọ sí ẹ̀yìn.”

Mo ju àlùmọ́gàjí sílẹ̀, mo pe takisí. Màmá ti gbọ́, ó pàdé wa níwájú ọsibítù, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì rí àyè wé e. Dókítà tó wà níbẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí, ojú rẹ̀ pọ́n, ó jọ pé kò tíì sùn. Ó tẹ̀ ẹ́ níkùn, ó gbọ́ ọkàn ọmọ, ó ní ó ń lù dáadáa. Ó wá béèrè bóyá wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ kankan fún un rí.

“Òkúta inú òróǹro,” Màmá dá a lóhùn. “Ó ti pẹ́, kó tó délé wa.”

Dókítà kọjú sí ìyàwó fúnra rẹ̀. “Ìyẹn nìkan?”

Mo wà níbẹ̀. Mo rí i bó ṣe wo Màmá. Mo rò pé ìrora ló jẹ́ kó wò ó bẹ́ẹ̀. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà ní ọmọ ló ń ti agbẹ̀du sókè, oúnjẹ ló sì ń gòkè wá ta á láyà. Ó fún un ní oògùn olómi funfun kan, ó ní kó máa jẹun díẹ̀díẹ̀, kó máa gbé orí sókè bó bá fẹ́ sùn. Mi ò dá dókítà náà lẹ́bi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wù mí kí n dá a lẹ́bi. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló gbọ́.

Nígbà tí wọ́n délé, ìrora náà lọ, ó tún bọ̀. Ọkọ rẹ̀ pè é láti ojú ọ̀nà. Ó bi í pé, “Ṣé o ti sọ fún wọn?” Ó ní òun á sọ. Ọkọ ní, “Sọ ọ́ jàre. Àbí kí n pe Màmá kí n sọ fún wọn?” Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ náà wá ní irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù lóòótọ́, ó ní bí òun bá dé lọ́túnla, àwọn á jọ kúnlẹ̀ sọ ọ́. Akọ ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ ńlá gun òkè. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ nìkan ni kò lè gùn.

Màmá ń fi omi gbígbóná pa á lẹ́yìn. Ó ní ọwọ́ Màmá wà lẹ́yìn òun, ọwọ́ náà ń rọ òun lára, òun sì la ẹnu láti sọ ọ́. Gbólóhùn kan péré ni. Bó bá sọ ọ́ nígbà náà, wọn ì bá gbé e padà lọ, wọn ì bá sì tètè ṣí inú náà. Ìgbà yẹn gan-an ni Màmá sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, bí eléyìí bá ti dé, tí mo bá ti gbé e, mo lè wá máa lọ nígbà tó bá wu Ọlọ́run.” Ìyàwó pa ẹnu tó là mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí bì, ohun tó ń bì sì dúdú. Màmá rán èèyàn pè mí nítorí àtẹ̀gùn, àwa méjèèjì la jọ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ikùn rẹ̀ le bí pákó. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà obìnrin kan tó dàgbà la bá. Kò tiẹ̀ jókòó. Ó fi ọwọ́ kan ikùn náà, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó wo àwọn àpá náà fún ìgbà díẹ̀.

“Iṣẹ́ abẹ wo nìyí?”

Màmá ní, “Òkúta inú...”

“Rárá.” Ìyàwó ló sọ bẹ́ẹ̀, lórí ibùsùn tó wà. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n gbogbo wa gbọ́. “Kì í ṣe òkúta. Wọ́n yí ìfun mi padà. Wọ́n gé inú mi kéré.”

Dókítà náà ti jáde kó tó sọ ọ́ tán, a ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń pe àwọn èèyàn. Màmá dúró síbi tó wà. Ìyàwó na ọwọ́ sí i. “Ẹ má bínú, Màmá. Nítorí ọmọ ni.” Wọ́n ti ibùsùn náà lọ, ọwọ́ tó nà sì wà lóde bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi yà.

A jókòó sórí àga gígùn kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó yá, Màmá ní, “Ìwọ mọ̀?”

“Mi ò mọ̀, Màmá.”

“Ọmọ tí mo bí ńkọ́?”

Mi ò mọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó rí i lójú mi pé ohun tí mo rò ni òun náà rò. Ó so ọwọ́ méjèèjì pọ̀ lé itan. Ó ní, “Kí ni mo fi ṣe wọ́n tí wọ́n fi ń bẹ̀rù mi tó báyìí?” Inú bí mi sí gbogbo wọn, sí èyí tó bẹ̀rù àti èyí tí wọ́n bẹ̀rù, ó sì dùn mí pé kò sí èyí tí ìbínú náà tọ́ sí. Màmá ò rántí rédíò. Kò rántí ìrẹsì. Títí di òní, kò sẹ́ni tó rán an létí.

Ọmọbìnrin ni. Ọkàn rẹ̀ ti dúró kí wọ́n tó ṣí inú. Ìfun náà ti yọ́ gba inú àlàfo, ó ti lọ́ pọ̀ láti àná, ó sì ti kú. Èyí tí wọ́n gé kúrò pọ̀ ju èyí tó kù lọ. Dókítà obìnrin náà jáde wá sọ ọ́ fún wa bó ṣe rí gan-an. Ó ní ká ní wọ́n mọ̀ lánàá, bóyá. Kò parí rẹ̀, a ò sì bi í. Ọkọ dé ní ọjọ́ kejì, eruku ọ̀nà wà lára rẹ̀, Màmá sì kó aṣọ tó mọ́ fún un kó pààrọ̀ kó tó lọ sin ọmọ rẹ̀. Kò bá a wí. Èmi ì bá fẹ́ kó pariwo.

Ó yè. Mo ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń sọ ọ́. Oúnjẹ tó bá jẹ ń gba ara rẹ̀ kọjá bí omi tó ń gba inú asẹ́. Wọ́n fi okùn kan sí i láyà tí wọ́n ń gba ibẹ̀ da oúnjẹ olómi sínú iṣan rẹ̀, Màmá ló sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń so ó. Obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ di ìgbálẹ̀ mú wá ń fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá, á wọ ìbọ̀wọ́, á so okùn náà. Ìyàwó náà wá síbi iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Kò lè jókòó pẹ́ nídìí maṣíìnì kó tó sáré lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bàbá Alọṣọ kò pè é ní Lẹ́pa mọ́. Kò tún pè é ní nǹkan kan mọ́, á kàn gbé àga fún un. Ọ̀gá wa fi ẹlòmíràn sí ìdí ojú bọ́tìnnì, ó ní títí ara rẹ̀ á fi yá ni. Gbogbo wa la mọ̀ pé òun náà kò gba ara rẹ̀ gbọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù ló ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, díẹ̀díẹ̀, bí àwọn yòókù bá ti lọ jẹun. Mo bi í bóyá Màmá bá a bínú. Ó ní ì bá dára. Ó ní Màmá sọ fún òun pé òun ti dárí jì í, pé kó má ronú, pé Ọlọ́run tó fún wọn lẹ́ẹ̀kan kò tíì kú. Ó ní gbogbo àárọ̀ ni Màmá ń gbàdúrà ọmọ tó ń bọ̀, lókè, níṣojú òun, bó bá ti ń so okùn náà. Ó ní, “Àǹtí, ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n dìde lórí ẹní nìyẹn.”

Nígbà tó yá, wọ́n ní kó padà wá rí dókítà obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, ìyàwó ní kí n bá àwọn lọ. Mo ti múra pé Màmá á bá a wọlé. Nígbà tí wọ́n pè é, Màmá jókòó síbi tó wà. Ó gbé báàgì náà fún mi, ó ní, “Ìwọ bá a wọlé. Kó lè rí àyè sọ̀rọ̀.” Kò wo ẹnikẹ́ni lójú nígbà tó ń sọ ọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níbẹ̀.

Dókítà ò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó ní kò gbọdọ̀ lóyún mọ́ láyé. Ó ní, “Ìfun tó kù sí ẹ nínú ò lè bọ́ ẹnì kan yó, ká má tíì wá sọ ti ẹni méjì. Bí o bá lóyún, àtìwọ àtọmọ, mi ò rí ẹni tí màá lè gbà là.” Ó béèrè bóyá ó ní ìbéèrè. Kò ní. Ìyàwó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó dúpẹ́, ó tẹ̀ lé mi jáde.

Màmá ti dìde kí ilẹ̀kùn tó ṣí tán. Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi.

“Kí ni wọ́n sọ?”

Mo wò ó, mo ń retí. Màmá náà ń wò ó, ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ojú ọmọdé. Mo rí ìyàwó tí ó mí, tí ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Wọ́n ní kí ara kọ́kọ́ le ná, Màmá. Wọ́n ní bó bá dọdún tó ń bọ̀, a lè tún gbìyànjú.”

Màmá fi ọwọ́ lé àyà. “Ọpẹ́ ni. Ọdún tó ń bọ̀ ò jìnnà, màá dúró dè é.” Ó di ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú, ọwọ́ tó ti di egungun, ó ń rọra fà á lọ sí ẹnu ọ̀nà. “Ìwọ ṣáà má fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi mọ́.”

“Mi ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, Màmá,” ó ní.